Orí Kẹfà: Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Akẹ́rù

Gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe ní Ìkẹjà, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń gbà jáde. Fóòmù láti òpópónà Ọba Akran, kéètì ọtí láti Ọ̀gbà, páálí Bournvita láti Agídìngbì, ọ̀dà, oògùn, bísíkíìtì, búrẹ́dì Agége: ẹ̀yìn ni wọ́n ti kó gbogbo wọn wọkọ̀, ẹ̀yìn náà ni wọn yóò ti sọ̀ wọ́n kalẹ̀ lọ́jà. Síbẹ̀, iwájú ọkọ̀ làwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sáré kọ́. Ẹ́ńjìnnì dùn ún tú, jíà dùn ún yí. Ta ni yóò jókòó kọ́ nípa ilẹ̀kùn?

Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan, tailgate, tí wọ́n fi ń pe ilẹ̀kùn yẹn. Láti ara ilẹ̀kùn ni ọ̀rọ̀ náà ti ràn dé ibi púpọ̀: dẹ́rẹ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ ẹlòmíràn, àlejò tó bá òṣìṣẹ́ yọ́ wọ ọgbà ilé-iṣẹ́, àríyá tí wọ́n ń ṣe nídìí ọkọ̀, títí kan fèrè táwọn olórin ń fọn. A ó fọwọ́ kan gbogbo wọn nínú orí yìí, ṣùgbọ́n a kò ní pín àkókò dọ́gba fún wọn. Ilẹ̀kùn àti àlàfo tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń pa èèyàn, àwọn la ó sì pẹ́ lórí wọn jù. Ẹ má ṣe kà wọ́n sí ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹrù tó bá já bọ́ lẹ́yìn ọkọ̀ kì í tan iná bíréèkì kó tó dúró. Ẹni tó dẹrù kò tì í dáadáa, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò fi àlàfo sílẹ̀: ibi tí àṣìṣe àwọn méjèèjì bá ti pàdé ni òkú ń sùn.

Láti ojú irin dé ojú títì

Agége ti ń kó ẹrù kí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan tó dé ibẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ìddó ní 1896. Nígbà tó fi di oṣù Ẹrẹ́nà 1901, wọ́n ti ṣí i dé Ìbàdàn, Agége sì wà lójú ọ̀nà. Obì gbàǹja tí wọ́n ń kó lóko Agége àti Ìfàkò ni reluwé ń gbé lọ sí ilẹ̀ Haúsá. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn wá ń wá ilẹ̀ tí wọn yóò fi ṣe ọgbà ilé-iṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1950, Ìkẹjà ni wọ́n mú. Ó sún mọ́ ojú irin, ó sún mọ́ pápákọ̀ òfurufú, kò jìnnà sí èbúté Àpápá, Ìbàdàn ló sì ń ṣàkóso rẹ̀ nígbà náà. Ọdún 1967 ni Ìkẹjà tó di ara Ìpínlẹ̀ Èkó. Orúkọ òpópónà tó gba àárín ọgbà náà kọjá ṣì ń rántí ìjọba Ìbàdàn yẹn: Claudius Dosu Akran, ọba Àgbádárìgì, wà lára àwọn mínísítà rẹ̀.

Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní Ìkẹjà ní 1962, ọdún kan náà tí wọ́n dá Vitafoam sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ táyà Dunlop tẹ̀ lé wọn ní 1963, Cadbury ní 1965. Bí reluwé ṣe ń rẹ̀yìn ni lọ́rì ń gba iṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin Red Line tí wọ́n ṣí ní oṣù Èrèlé 2024 ń dúró ní Agége àti Ìkẹjà, ṣùgbọ́n èrò ló ń kó. Ẹrù ṣì wà lọ́rùn lọ́rì.

Bọ́lẹ̀kájà àti ọmọ ọkọ̀

Kí danfó àti mọ́lúè tó gba ìgboro, bọ́lẹ̀kájà ló ń kó èèyàn àti ẹrù pọ̀. Ẹ́ńjìnnì àti ṣáásì rẹ̀ ti ilẹ̀ òkèèrè wá, Bedford ló sì wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Bọ́dì rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn káfíńtà ilẹ̀ wa, pákó láti ìsàlẹ̀ dé òrùlé. Ẹ̀yìn lèrò ń gbà wọlé, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà bọ́ sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ owó tàbí ti ìjókòó bá le, ẹ̀yìn yẹn náà ni ẹni tó bínú yóò ti pe ẹnìkejì rẹ̀ pé kó bọ́ sílẹ̀ káwọn jọ jà.

Ọmọ ọkọ̀ kì í ní ìjókòó. Orí pákó ẹ̀yìn ló ń dúró sí, ọwọ́ kan lára irin, ọwọ́ kejì mú wẹ́ẹ̀jì, ìyẹn ìtì igi tí wọ́n gbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ọkọ̀ bá dúró lórí òkè tí bíréèkì kò sì dá dẹ́rẹ́bà lójú, ọmọ ọkọ̀ ló ń bẹ́ sílẹ̀ láti ki igi náà bọ ìdí táyà. Òun ló ń wo ilẹ̀kùn. Òun ló ń sọ fún dẹ́rẹ́bà pé ẹnì kan ń bọ̀ láti apá òsì. Òun ló sì ń lu bọ́dì nígbà tí ohun kan bá fẹ́ já bọ́. Lóde òní, dígí ìwòẹ̀yìn àti kámẹ́rà ti gba díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí kámẹ́rà tó lè bẹ́ sílẹ̀ lọ ki igi bọ ìdí táyà. Ilé-iṣẹ́ tó bá lé ọmọ ọkọ̀ kúrò láti fi dín owó oṣù kù gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ mélòó ló lé lọ.

Ìdí ọkọ̀ náà ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí: àdúrà, òwe, orúkọ ọmọ, èébú fún ọ̀tá. Wọlé Ṣóyínká mọ ayé yẹn dáadáa. Nínú eré rẹ̀ The Road, tó jáde ní 1965, lọ́rì tí Kotonu ń wà ń jẹ́ No Danger No Delay, ewu ni eré náà sì dá lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A ó tún padà sọ́dọ̀ Ṣóyínká níwájú, nítorí kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí ìtàgé.

Oríṣi ilẹ̀kùn

Ti píkọ́ọ̀pù ló rọrùn jù. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n de ilẹ̀kùn náà mọ́, òkè ni ìkọ́ rẹ̀ wà. Bí o bá ṣí i, ó ń ṣubú síwájú rẹ, wáyà irin méjì yóò sì gbà á dúró bíi pèpéle. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé pèpéle ni lóòótọ́, wọ́n á gbé ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ lé e, wọ́n á sì máa wà á lọ bẹ́ẹ̀. Wáyà yẹn ló gba gbogbo ìwúwo náà. Ìpàtà kò sì hàn lára wáyà títí dìgbà tó bá já.

Ti típà yàtọ̀. Òkè ni wọ́n so ilẹ̀kùn rẹ̀ rọ̀ sí, ìsàlẹ̀ ni ìkọ́ wà, kí yanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́ lè máa ti ìsàlẹ̀ ṣàn jáde nígbà tí àgbá bá dìde. Ẹ wo ìdí rẹ̀ dáadáa: bó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni wọ́n so ó mọ́ bíi ti píkọ́ọ̀pù, ẹrù ni ìbá ṣubú lé ilẹ̀kùn lórí, ilẹ̀kùn kò sì ní ṣeé tì padà títí wọn yóò fi fi ṣọ́bìrì kó o kúrò. Àléébù tirẹ̀ ni pé bí òkúta kékeré kan bá há sí etí ìsàlẹ̀, ìkọ́ yóò dàbí ẹni pé ó ti, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ yóò sì wà. Àlàfo yẹn ló ń da òkúta sójú gíláàsì àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ilẹ̀kùn kọ̀ǹténà ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì. Apá ọ̀tún la ń kọ́kọ́ ṣí, nítorí etí rẹ̀ ló gun orí ti òsì. Ẹni tó ń ṣí i kò gbọ́dọ̀ dúró sójú rẹ̀ gan-an. Láti Àpápá dé Ọ̀gbà, ẹrù inú kọ̀ǹténà ti yí, ó ti gbọ̀n, ó ti gbára lé ilẹ̀kùn. Ẹgbẹ́ ni kó o dúró sí, kó o fi ilẹ̀kùn bo ara rẹ, kó o ṣí i díẹ̀, kó o yọjú wò kó o tó ṣí ìyókù. Àwọn lódà tó mọṣẹ́ ní Ìkẹjà kì í ṣe é lọ́nà mìíràn.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn danfó ń ṣí sókè. Nínú Volkswagen àtijọ́, ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ ibi tí wọ́n ń kẹ́rù sí yẹn. Bí ẹrù àwọn ìyá ọlọ́jà bá pọ̀ ju àyè lọ, okùn ni kọ́ndọ́kítọ̀ fi ń so ilẹ̀kùn mọ́ bọ́ńpà, ìdajì àpò gaàrí á sì máa wo títì. Okùn yẹn kò burú tí ọkọ̀ bá dúró. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, ó di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní pápá ẹran Oko-Ọba ní Agége, ẹ̀yìn trélà làwọn màlúù ń gbà sọ̀kalẹ̀, àwọn tó dúró níbẹ̀ sì mọ̀ pé ẹran kì í dúró de ẹni tó ń tú okùn.

Ilẹ̀kùn kì í ṣe ògiri

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí wọ́n kó ẹrù kún ọkọ̀, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kí wọ́n sì gbà pé ilẹ̀kùn ló dì í mú. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan.

Ká ní lọ́rì kan kó ẹrù tọ́ọ̀nù mẹ́rin, ó sì ń gun afárá tí ojú ọ̀nà rẹ̀ ń ga mítà 5 nínú gbogbo mítà 100. Bí a bá pín 4,000 kìlógíráàmù sí ọ̀nà 100, tí a mú 5 nínú rẹ̀, a ó rí 200 kìlógíráàmù. Bí ilẹ̀ ọkọ̀ bá ń yọ̀, bóyá epo ti dà síbẹ̀ tàbí dúrọ́ọ̀mù ló wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n yẹn yóò máa ti ilẹ̀kùn láti inú ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá fi ń gùnkè. Àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin nìyẹn, kí ọkọ̀ tó fò rárá. Bí dẹ́rẹ́bà bá wá já kílọ́ọ̀sì lójijì láti ṣí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ilẹ̀ ọkọ̀ yóò sáré síwájú, ẹrù yóò fẹ́ dúró síbi tó wà, ìtì náà yóò sì pọ̀ sí i ní ìlọ́po púpọ̀. Nítorí náà, ara ògiri iwájú la ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹrù. A kì í fi àlàfo sílẹ̀ láàárín rẹ̀. Okùn tàbí bẹ́líìtì la fi ń dì í mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Tapólì sì ni ìbòjú, kò lè di ohunkóhun mú. Ilẹ̀kùn wà fún ohun tó bá sá mọ́ wa lọ́wọ́ lẹ́yìn gbogbo èyí.

Kọ̀ǹténà ní ìṣòro tirẹ̀. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ló yẹ kó wọ inú kọ́kọ́rọ́ irin tó wà lórí trélà, kí wọ́n sì yí kọ́kọ́rọ́ náà títí yóò fi há. Àwọn dẹ́rẹ́bà kan kì í yí i. Wọ́n ní bí trélà bá fẹ́ dojú dé, ó sàn kí kọ̀ǹténà nìkan ṣubú kí orí ọkọ̀ wọn lè yè. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 2015, kọ̀ǹténà kan já bọ́ lórí afárá Ojúẹlẹ́gba, ó wó lé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan, èèyàn mẹ́ta sì kú. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ẹrù ń gbà láti Àpápá bọ̀ wá sí Ìkẹjà nìyẹn. Ní tèmi o, dẹ́rẹ́bà tó fi kọ́kọ́rọ́ yẹn sílẹ̀ láìyí ti pinnu ẹni tí yóò kú kó tó kúrò ní èbúté, orúkọ ẹni náà nìkan ni kò mọ̀.

Àlàfo

Yorùbá ní ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Òwe náà gbà láìsọ ọ́ pé ará yòókù jìnnà tó láti rí i. Ẹni tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ yóò bá a nínú kòtò ni.

Bí ọkọ̀ bá ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan, ó ń rin nǹkan bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí ojú bá rí ewu dé ìgbà tí ẹsẹ̀ yóò tẹ bíréèkì, ẹ jẹ́ ká gba ìṣẹ́jú-àáyá kan àti ààbọ̀. Mítà 21 ti lọ kí bíréèkì tó mọ̀ pé a ń bá òun wí. Lórí títì tó gbẹ, táyà tó dára yóò nílò mítà 14 sí i kó tó dúró pátápátá. Bí òjò bá rọ̀, ó lè tó 25. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 35 lójú gbígbẹ, 46 nínú òjò. Ní 80 kìlómítà, ọkọ̀ ń rin mítà 22 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan: 33 fún ìrònú, 36 fún bíréèkì lójú gbígbẹ, nǹkan bíi 63 nínú òjò. Ẹ kíyè sí i pé eré kò tíì di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ibi tí bíréèkì ń jẹ ti ju ìlọ́po méjì lọ. Agbára tó wà lára ohun tó ń rìn ń pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin bí eré bá di ìlọ́po méjì, bíréèkì ló sì gbọ́dọ̀ jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ọkọ̀ kékeré ni ìṣirò yìí wà fún o. Trélà tó ru ẹrù ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí afẹ́fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ bíréèkì rẹ̀, afẹ́fẹ́ náà sì ń lo àkókò díẹ̀ kó tó dé táyà ẹ̀yìn.

Àwọn kan á ní bí ọkọ̀ iwájú bá tẹ bíréèkì, àwọn náà yóò tẹ̀ ẹ́, àwọn méjèèjì yóò sì jọ dúró. Kí ni àlàfo ńlá wà fún? Bó bá jẹ́ bíréèkì nìkan ló ń dá ọkọ̀ dúró, wọn ì bá jàre díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ iwájú lè kọlu ohun tó dúró, kó sì dúró lójú ẹsẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù lè já bọ́. Lọ́rì lè yà lójijì, kó fi kòtò tàbí trélà tó kú sójú ọ̀nà hàn ọ́ nígbà tí kò sí mítà mẹ́wàá mọ́. Ẹni tó lẹ̀ mọ́ ìdí lọ́rì kò tilẹ̀ rí ohunkóhun níwájú ju ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn lọ. Bí o kò bá sì rí ojú dẹ́rẹ́bà nínú dígí rẹ̀, òun náà kò rí ọ.

Ọ̀nà tó rọrùn láti wọn àlàfo ni ká fi ojú sí òpó iná kan. Bí ìdí ọkọ̀ iwájú bá ti kọjá níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kà ní pẹ̀lẹ́. Bí imú ọkọ̀ tìrẹ bá dé òpó náà kí ìṣẹ́jú-àáyá méjì tó pé, o ti sún mọ́ jù. Nínú òjò, kà á dé mẹ́rin. Lẹ́yìn lọ́rì tí o kò mọ bí wọ́n ṣe dẹrù rẹ̀, mẹ́rin náà ni kó o kà.

Gbogbo ọmọ Èkó ló ní èsì sí èyí: “Bí mo bá fi àlàfo sílẹ̀, danfó á já wọ̀ ọ́.” Òótọ́ ni, á já wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ohun tí ó ná wa. Ká ní láti Ìyànà-Ìpájà dé Òṣòdì, ọkọ̀ 15 já wọ iwájú rẹ. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, o ní láti dẹwọ́ eré títí ìṣẹ́jú-àáyá méjì yóò fi padà. 15 lọ́nà 2 jẹ́ 30. Ààbọ̀ ìṣẹ́jú ni gbogbo ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó fi ìdí ọkọ̀ ẹlòmíràn ṣe ilé láti yẹra fún ìyẹn lè fi gbogbo àárọ̀ dúró ti LASTMA, àjọ tó ń darí ọkọ̀ ní Èkó, kó máa ṣàlàyé bí iná iwájú rẹ̀ ṣe fọ́.

Àlàfo tún ní àǹfààní tí ojú kì í tètè rí. Ní 2008, àwọn onímọ̀ físíìsì ní Japan gbé àbájáde ìdánwò kan jáde. Wọ́n to ọkọ̀ 22 sórí ọ̀nà róbótó kan tí àyíká rẹ̀ jẹ́ 230 mítà, wọ́n ní kí gbogbo wọn máa sá eré kan náà. Kò sí kòtò, kò sí ọlọ́pàá, kò sí ẹni tó ń ta gálà lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, kò pẹ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fi bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹnì kan tẹ bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́, tẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jù ú lọ, ó sì ń pọ̀ sí i bẹ́ẹ̀ títí ẹnì kan fi dúró. Ọ̀pọ̀ ìdúró tí a ń dúró lójú ọ̀nà Agége láìrí ohun tó fà á, irú rẹ̀ ni. Ẹni tó fi àlàfo sílẹ̀ lè dẹwọ́ eré láìtẹ bíréèkì, ìgbì náà á sì kú sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ti àwọn tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí àńbúláǹsì tàbí ọkọ̀ àwọn aláṣẹ tó ń fọn fèrè, kò gba àlàyé púpọ̀. Àńbúláǹsì lè dúró nígbàkúgbà, àwọn tó yà fún un sì ti ń padà sójú ọ̀nà wọn nígbà tí ìwọ bá dé.

Òfin àti alẹ́

Ṣóyínká ń kọ́ni ní Ifẹ̀ nígbà tí ikú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ sú u. Ní 1977, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, òun sì wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, sílẹ̀ ní oṣù Èrèlé 1988, òun ni alága àkọ́kọ́. Èkó dá LASTMA tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2000. Ní 2012, Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá fọwọ́ sí òfin ìrìnnà tó sọ pé kí àwọn trélà má ṣe rìn ní ìgboro láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, àfi ọkọ̀ epo.

Ó dára lójú ìwé. Ohun tó wá tẹ̀lé e ni pé bí a bá pa òfin náà mọ́, alẹ́ ni ẹrù wúwo Ìkẹjà ní láti rìn. Alẹ́ ni àìsí iná ẹ̀yìn sì ń ṣekú pani. Ọ̀pọ̀ trélà ni iná ẹ̀yìn rẹ̀ ti fọ́ tàbí tí pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ ti bò. Bí wọ́n bá kú sójú ọ̀nà, ewé igi ni wọ́n máa ń já sí ẹ̀yìn wọn dípò àmì onígun mẹ́ta pupa, ewé kì í sì í dán lóru. Téèpù tó ń dán tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìdí trélà kò wọ́n rárá, bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí iná ọkọ̀ tẹ̀yìn rí i láti òkèèrè láìlo bátìrì kankan. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe níbì kan, kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹnubodè

Lílẹ̀ mọ́ni lẹ́yìn kò mọ sójú títì. Ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi káàdì ṣílẹ̀kùn, ẹnì kan á fi káàdì tirẹ̀ kan ẹ̀rọ, ilẹ̀kùn á ṣí, ẹlòmíràn á sì tẹ̀ lé e wọlé. Nínú ìwé, èèyàn kan ló wọlé. Nínú ọgbà, wọ́n ti di méjì. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, tí wọ́n sì ń ka orúkọ níbi ìpàdé, ẹnì kan ti wà nínú ilé tí orúkọ rẹ̀ kò sí lórí ìwé. Ìdí yìí wúwo lójú mi ju ọ̀rọ̀ olè lọ.

Àwọn báńkì wa ti mọ ìṣòro náà tipẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ilẹ̀kùn wọn fi jẹ́ àpótí onígíláàsì tí èèyàn kan ṣoṣo ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan: ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ pa dé kí ti iwájú tó ṣí. Kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni, pàápàá bó bá dédé há, ṣùgbọ́n kò ṣeé bá ẹlòmíràn wọ̀.

Ní ilé-iṣẹ́, ìwà ọmọlúàbí ló máa ń bá òfin jà. A ti kọ́ ọmọ láti kékeré pé kó dá ilẹ̀kùn dúró fún àgbà. Báwo ni mẹ́gáàdì ọmọ ọdún 25 yóò ṣe dá bàbá tó ti lé ní 60 padà? Ohùn ló ń ṣe é:

“Ẹ káàárọ̀ o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi káàdì yín kan ibí yìí.”

“Ṣé o ò mọ̀ mí ni? Àwa la kọ́ ilé-iṣẹ́ yìí.”

“Mo mọ̀ yín dáadáa, bàbá. Ẹ̀rọ ni ò mọ̀ yín. Bí ẹ ò bá fi kàn án, wọ́n á ní ẹ ò wá síbi iṣẹ́ lónìí.”

Mẹ́gáàdì tó bá lè sọ èyí pẹ̀lú ẹ̀rín ti ṣe ju ìdajì iṣẹ́ lọ. Ti ọkọ̀ náà kò yàtọ̀: ọ̀pá ìdábùú kan, ọkọ̀ kan. Lọ́rì kejì gbọ́dọ̀ dúró sẹ́yìn títí ọ̀pá yóò fi wálẹ̀, bí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ tilẹ̀ ń fọn fèrè.

Ọjà, ijó àti fèrè

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tún ń ṣe pátákó ọjà. Lẹ́bàá títì, àwọn kan ń ṣí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù ta ọ̀pẹ̀ òyìnbó, iṣu àti ẹ̀gúsí bàrà. Àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù mọ irú ọjà bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun àlòkù láti inú búútù. Ní Amẹ́ríkà, kí eré bọ́ọ̀lù tiwọn tó bẹ̀rẹ̀, ìdílé máa ń ṣí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù níbi ìgbọ́kọ̀sí, wọ́n á dáná, wọ́n á sun ẹran, wọ́n á mu bíà. Ọmọ Yorùbá tó bá débẹ̀ kò ní ṣàjèjì: òwàmbẹ̀ láìsí ìlù gángan ni.

Ní New Orleans, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn ẹgbẹ́ akọrin a máa gun kẹ̀kẹ́ ẹṣin kiri ìlú láti kéde òde ijó. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń fi afọntírómbóònù sí, kí irin gígùn tó ń fà síwájú-sẹ́yìn má baà gún ẹnikẹ́ni. Kid Ory ló lókìkí jù nínú àwọn tó ń fọn ọ́n lọ́nà yẹn, orúkọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni wọ́n sì fi ń pe ìlànà ìfọnfèrè náà títí dòní. Nílẹ̀ wa, ẹgbẹ́ eré Hubert Ògúndé àti àwọn tó tẹ̀ lé e náà ń gbé lọ́rì kiri ìlú, wọ́n á máa lu ìlù, wọ́n á máa kéde eré alẹ́.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Lọ́rì kan ru ẹrù tọ́ọ̀nù mẹ́fà, ó ń gun òkè tó ga mítà 4 nínú mítà 100. Kìlógíráàmù mélòó ni yóò máa ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bí ilẹ̀ ọkọ̀ bá ń yọ̀?

2. Fi àwòrán ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi so ilẹ̀kùn típà rọ̀ láti òkè, tí ti píkọ́ọ̀pù sì jẹ́ láti ìsàlẹ̀.

3. Ọkọ̀ kan ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan. Mítà mélòó ni yóò rìn nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan àti ààbọ̀ kí dẹ́rẹ́bà tó tẹ bíréèkì?

4. Pẹ̀lú olùkọ́ rẹ, dúró sórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan. Fi òpó iná kan ṣe àmì, kí o ka ìṣẹ́jú-àáyá tó wà láàárín ọkọ̀ 20 tó tẹ̀ lé ara wọn. Mélòó ló tó méjì? Ṣé lọ́rì ló sún mọ́ ara wọn jù ni àbí danfó?

5. Kọ ọ̀rọ̀ tí mẹ́gáàdì yóò sọ fún ìyá alátajà kan tó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ wọ ọgbà ilé-iṣẹ́ láìní káàdì.

6. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ nílé-iṣẹ́: bi ọmọ ọkọ̀ kan léèrè ohun tó ń wò kó tó sọ fún dẹ́rẹ́bà pé kó máa lọ. Kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, kí o sì fi wé ìwé àyẹ̀wò tí ilé-iṣẹ́ náà ń lò.